Ta Ló Ń Ṣe Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Láti Ọjọ́ Ajé Dé Àbámẹ́ta?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí "ìgbàgbọ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ àti ìgbé ayé ojoojúmọ́." Mo wo àkòrí náà títí, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń jẹ́ "àti" ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó dà bí ẹni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí a wá ń wá okùn tí a ó fi dì wọ́n pọ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ara mi sùn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo ń darí àdúrà òwúrọ̀ ní ìjọ wa. Aago márùn-ún àbọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Aago méje ló yẹ ká parí, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àdúrà ṣe máa ń rí bí ara bá ti gbóná. Lọ́jọ́ kan, aago mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ìwé tí a fi ń kọ àkókò tí a wọlé wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú bírò, mo kọ "8:00" síwájú orúkọ mi, mo buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi ò tilẹ̀ gbọ̀n. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó fara ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó wo agogo ara ògiri, ó wo Bíbélì tó wà lábíyá mi. Ó ní, "Ẹ kú àdúrà o, sà." Kò fi nǹkan kan kún un, ó ń nu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lójú mi lọ́jọ́ náà, mi ò jalè. Wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú tí mo bù lára àkókò ẹni tó gbà mí síṣẹ́, iṣẹ́ Olúwa ni mo kúkú fi ṣe. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn mi ni pé ti aago márùn-ún àbọ̀ jẹ́ ti Ọlọ́run, ti aago mẹ́jọ jẹ́ ti ikùn. Èrò yẹn ni mo wá bá jà lónìí, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ ṣí Éfésù orí kẹrin. Pọ́ọ̀lù ka àwọn tí Kristi fi ta ìjọ lọ́rẹ: àpọ́sítélì, wòlíì, ajíhìnrere, olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́ni. Ẹsẹ 12 wá sọ ohun tí wọ́n wà fún. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 fi kọ́mà gé gbólóhùn náà sí mẹ́ta: fún pípé àwọn ènìyàn mímọ́, fún iṣẹ́ ìránṣẹ́, fún gbígbé ara Kristi ró. Bí a bá kà á báyẹn, àwọn olórí ìjọ ló ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwa kò ju ká jókòó, ká ṣe àmín, ká gbé ọrẹ wá. Ẹ yọ kọ́mà àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ tún un kà: a fún ìjọ ní pásítọ̀ kí ó lè mú àwọn ènìyàn mímọ́ gbára dì fún iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ta ló wá ni iṣẹ́ náà? Àwọn ènìyàn mímọ́ ni. Ìwé Gíríìkì àtijọ́ kò ní irú kọ́mà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló fi í sí i, ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní sì ti yọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń jà fún un, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 16, níbi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe tirẹ̀ kí ara tó lè dàgbà. Lọ́dọ̀ àwọn tó yọ kọ́mà ni mo dúró sí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí pípé tàbí ìgbáradì nínú ẹsẹ yẹn, ìbátan rẹ̀ ni Mátíù lò ní orí 4 ẹsẹ 21, níbi tí Jákọ́bù àti Jòhánù ti jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú baba wọn, tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe kò tíì pẹja. Ó ń fi ìka wá ojú ibi tó ya, ó ń so ó, ó ń fa okùn wò bóyá yóò mú, nítorí pé àwọ̀n ń padà sómi. Iṣẹ́ pásítọ̀ nìyẹn. Bí a bá wá ń tún àwọ̀n kan náà ṣe láti Ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́ Ìsinmi, tí a fọ̀ ọ́, tí a sá a, tí a yìn ín pé ó dára, tí kò sì kan omi rí, apẹja wo ni wá?

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 ni n ó gbà kọjá báyìí. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ Gíríìkì dá nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù lò fún pínpín oúnjẹ yẹn ní ẹsẹ 1 ni diakonia, ìyẹn iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ní ẹsẹ 4, àwọn àpọ́sítélì ní àwọn yóò tẹra mọ́ àdúrà àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Diakonia kan náà ni. Abọ́ oúnjẹ àti ìwàásù ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu Lúùkù. Àwa la fún ọ̀kan ní àga gíga, tí a ní kí èkejì lọ dúró ní ilé ìdáná. Ẹ sì rántí pé kí a tó yan ẹni tí yóò pín oúnjẹ, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n.

Kì í ṣe Májẹ̀mú Tuntun ló dá èyí sílẹ̀. Nínú Ékísódù 28:3, àwọn aránṣọ ni Ọlọ́run ní òun fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún, kí wọ́n lè rán ẹ̀wù Árónì. Àwọn aránṣọ ti gba tiwọn kí àlùfáà tó wọ ẹ̀wù. Ní orí 31, ó kan Bẹ́sálẹ́lì, tí Ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ àti igi. Tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan kún fún Ẹ̀mí lónìí, ẹnu rẹ̀ la máa ń wò. Ọwọ́ Bẹ́sálẹ́lì ni ká wò.

Jésù ńkọ́? Lúùkù 3:23 ní ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Máàkù 6:3 ní àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tó jáde nínú omi Jọ́dánì, Baba sọ pé inú òun dùn sí i gidigidi. Kò tíì sọ omi di wáìnì, kò tíì la ojú afọ́jú kankan, kò sì tíì wàásù lórí òkè. Kí ni Baba rí tí inú rẹ̀ fi dùn? Òun ni Ọmọ, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ọdún tó fi ń fá pákó àti tó fi ń gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu wà lára ohun tí Baba ń wò.

Àwa tí a gbé àtúnbí àti ìhìnrere lárugẹ, a ní àìsàn tiwa. Lọ́dún 1989, òpìtàn David Bebbington to àmì mẹ́rin jọ tí a fi ń dá irú wa mọ̀: ìyípadà ọkàn, Bíbélì, àgbélébùú, àti àìjókòó-tẹtẹrẹ, ìyẹn ni pé a kì í gbàgbọ́ ká má ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin yìí ló ń bù wá jẹ. Bí ẹnì kan bá yí padà lónìí, kí oṣù tó parí a ti fi í sínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ olùtọ́jú àlejò àti ìgbìmọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí ìdí tí a fi dá a sílẹ̀. A kì í bi í léèrè ohun tó ń ṣe jẹun.

Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ̀rọ̀ kan iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tirẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ ká jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Nínú Lúùkù 3, àwọn agbowó-orí wá ṣe ìtẹ̀bọmi, wọ́n ní, "Olùkọ́, kí ni kí àwa ó ṣe?" Ẹ mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́: iṣẹ́ ìjọba àjèjì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń gbà lé. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n wá máa bá mi gbé omi. Jòhánù ní kí wọ́n má gba ju iye tí a là sílẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun náà béèrè. Ó ní kí wọ́n má fipá gba nǹkan ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìrònúpìwàdà wọ inú ìwé ìṣirò owó, ó wọ ẹnu ibodè. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó bá wá san owó orí ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ létí Jọ́dánì. Mo máa ń ronú nípa obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yẹn. Kí ló rí tó lè fi mọ̀ pé èmi náà ti dé Jọ́dánì?

Mi ò sọ pé gbogbo iṣẹ́ ló ṣe é gbé fún Olúwa o. Ní Éfésù, àwọn onídán kó ìwé wọn jáde, wọ́n dáná sun ún lójú gbogbo ènìyàn, iye rẹ̀ sì tó 50,000 owó fàdákà. Iṣẹ́ mìíràn wà tí àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí ènìyàn jáde níbẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn fẹ́ jáde níbi tí Ọlọ́run fi í sí gan-an. William Wilberforce jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó yí padà lọ́dún 1785. Ó ń rò ó bóyá kí òun fi òṣèlú sílẹ̀. Ó yọ́ lọ bá John Newton, àlùfáà tó ti ń darí ọkọ̀ akẹ́rú rí. Newton ní kí ó dúró síbi tó wà. Ó dúró, ó sì fi ogún ọdún bá òwò ẹrú jà. Lọ́dún 1807, òfin tó fi òpin sí òwò ẹrú ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú lórí òkun, ọ̀kan nínú wọn ló sì gba ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí sílẹ̀ lọ́dún 1822. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Bíbélì Yorùbá lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí Àjàyí Crowther fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ká ní Newton sọ fún Wilberforce pé, "Wá sínú iṣẹ́ Olúwa," mi ò mọ̀ bóyá à bá rí ìwé yìí kà.

Ẹ má sì rò pé mò ń ní kí ẹ sọ ọ́fíìsì di àga ìwàásù. Ẹni tó to sórí ìlà láti òwúrọ̀ kò fẹ́ ìwé àṣàrò-kúkúrú lọ́wọ́ rẹ. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ló fẹ́ kí o buwọ́ lù. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń pàgọ́ pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà. Ìṣe 19:12 ní àwọn ènìyàn ń kó aṣọ tó ti kan ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjèèjì tó wà níbẹ̀, aṣọ ìnu-òógùn lèkíní, èkejì ni aṣọ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń so mọ́ iwájú. Àwọn alàgbà ìlú Éfésù yẹn náà ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní Mílétù, ní orí 20, pé ọwọ́ òun méjèèjì ló gbọ́ bùkátà òun àti ti àwọn tó wà pẹ̀lú òun. Nítorí náà, kí ẹni tó ń wá aṣọ àdúrà kiri mọ̀ pé òógùn iṣẹ́ ló wà lára ti Pọ́ọ̀lù.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ìyá kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Mi ò lè wá sí ìpàdé akọrin mọ́. Ìgbà wo ni màá tún padà sẹ́nu iṣẹ́ Olúwa?"

Mo ní, "Mà, kí lẹ ṣe láàárọ̀ yìí kí ẹ tó wá?"

Ó ní òun jí ní aago mẹ́rin láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó. Ó ní òun fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, òun fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀ kí ó má bàa há a lọ́fun, òun sì ka Sáàmù kan sí i létí, bí kò tilẹ̀ lè dáhùn. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ tí a kà ní Ìṣe orí 6. Mo sì ní kí ó rántí pé ẹrú ni Pọ́ọ̀lù ń bá sọ̀rọ̀ ní Kólósè 3:23 nígbà tó ní kí wọ́n fi tọkàntọkàn ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí fún Olúwa. Ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá wí.

Ìyá náà gbọ́ mi tán, ó mi orí. Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi dúró tì í ní Ọjọ́ Ìsinmi, kí n lè wá gba oúnjẹ Olúwa?"

Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn nínú ìwé mi. Mo wo pásítọ̀. Kí ó tó la ẹnu, ọwọ́ méjì ti nà sókè lápá ibi tí àwọn akọrin jókòó sí, ọ̀kan nínú wọn sì ń bi ìyá náà ní aago tí bàbá máa ń mu omi.