Ẹ Fàmì sí Ògiri: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Kọ́ Ọmọ ní Bọ́ọ̀lù

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù sọ ní ìlú Àkúrẹ́. Mo tún un tò síbí kí àwọn tí kò sí níjòókòó lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀lù sórí itan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìjókòó o.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí orúnkún mi kọ́kọ́ wú. N kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì fẹsẹ̀ gbá mi. Kókó kékeré kan ṣáà yọ lábẹ́ orúnkún, níbi tí eegun ojúgun ti bẹ̀rẹ̀. Bí aṣọ bá kàn án, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ìyá mi ń fi àdí àgbọn gbígbóná pa á lálaalẹ́. Kóòṣì wa ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ó ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta kí ara mi lè yá. Mo fò ó, mo ń sunkún, mo ń fò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi lè gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tí mo fi máa padà, ipò mi ti di tẹlòmíì.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé mo ṣì ń rí ọmọ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lórí pápá wa títí dòní, ó sì ń dùn mí. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ẹ mọ ìgbà tí ọmọ ń ga.

Eegun ọmọdé ní ibì kan nítòsí ìpẹ̀kun rẹ̀ tó ṣì rọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ tẹ etí yín, ẹ ó mọ irú rírọ̀ tí mò ń wí. Ibẹ̀ ni eegun ti ń gùn sí i. Nígbà tí gíga bá dé wìtìwìtì, eegun ló máa ń ṣíwájú, iṣan á sì máa sáré bá a lẹ́yìn. Iṣan iwájú itan so kọ́ orí ojúgun. Bó ṣe wá fà gan-gan yìí, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fò, tó bá sáré já, tó bá ta bọ́ọ̀lù, ibi rírọ̀ yẹn ni ó ń fà. Osgood-Schlatter ni àwọn dókítà ń pe ìrora orúnkún yìí. Ti gìgísẹ̀ ń jẹ́ Sever, òun a máa mú àwọn tó kéré díẹ̀ sí i, láàárín nǹkan bí ọdún 8 sí 14. Bí eegun bá ti gbó tán, méjèèjì sábà máa ń lọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí á dín fífò àti eré àsápajúdé kù fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ní kí n fò yẹn, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n mú kúrò.

Àgbẹ̀ pọ̀ nínú yín. Ẹ mọ̀ pé ìgbà tí àgbàdo bá ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dá ń ṣe é léṣe jù. Ọmọ náà ní ìgbà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí ọdún 14, ọmọbìnrin ní nǹkan bí ọdún 12. Ọmọkùnrin lè fi sèǹtímítà 9 tàbí 10 ga lọ́dún kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ọjọ́ orí nìkan. Ọmọ méjì tó jọ pé ọdún 13 lọ́jọ́ kan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín eegun wọn lè tó ọdún 4. Ọ̀kan á ti máa hu irùngbọ̀n, èkejì á ṣì máa fi ohùn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pè fún bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí à ń mú sínú ẹgbẹ́. Ọmọ kékeré yẹn, tó jẹ́ pé ọgbọ́n orí ló fi ń gbá a torí pé kò ní agbára, a ó ní kó lọ jókòó, tó bá yá kò ní wá mọ́. Kò sẹ́ni tó lè ka iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a ti pàdánù ní ìpínlẹ̀ yìí.

Ohun tí ẹ nílò kò wọ́n: ògiri tó dúró ṣánṣán, pẹ́ńsù àti tépù tẹ́lọ̀. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ kàn án. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, ẹ fàmì, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún un ṣe ní wákàtí kan náà, torí pé a máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Bí ọmọ bá ti fi sèǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ga láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti wọ ìgbà gíga rẹ̀ nìyẹn.

Lásìkò yẹn, ẹ óò rí i pé ọmọ tó ń dá bọ́ọ̀lù dúró bí ẹni pa idán lọ́dún tó kọjá ti ń fẹsẹ̀ kọ ara rẹ̀. Kò gbàgbé bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ tuntun ló ní, ọpọlọ rẹ̀ ò tíì mọ bó ṣe gùn tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ bá bọ́ọ̀lù ṣeré, kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, kó máa fara balẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń balẹ̀ lórí orúnkún tó tẹ̀.

Ìmúra ara ṣáájú eré tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ń pè ní 11+ wà fún àwọn tó ti tó ọdún 14, kò gbà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, kò sì bèèrè irinṣẹ́ olówó ńlá. Ẹ má sọ pé ti òyìnbó ni. Olùwádìí kan, Oluwatoyosi Owoeye, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Èkó, nílẹ̀ wa níbí, láàárín agbábọ́ọ̀lù 416 tí wọ́n wà láàárín ọdún 14 sí 19, fún oṣù 6. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2014. Ìfarapa àwọn tó ń lò ó fi ìdá 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń ṣe ìmúra tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kóòṣì kan bi mí pé báwo ni ọmọ yóò ṣe ní èémí tí kò bá sá yípo pápá. Mo fèsì pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré ọlọ́nà jíjìn. Eré àsápajúdé inú rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4. Lọ́dún 2001, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Helgerud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Norway ní kí àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù sá eré líle ìṣẹ́jú 4 lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á rọra sáré ìṣẹ́jú 3 láàárín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Gígùn ọ̀nà tí wọ́n ń sá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ pín ọmọ sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí pápá kékeré, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a gidi, ọkàn wọn á lù bíi ti eré líle yẹn. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè dára fún ẹni tó fẹ́ wo ìlú àtijọ́ lókè. Kì í ṣe ibi tí a ń kó ọmọ tó ń ga lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ẹ tún ka wákàtí. Ọmọ kan náà ló ń gbá fún ilé ìwé, fún akádẹ́mì, tó tún ń gbá mọ́ńkí póòstù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé kí wákàtí eré tí wọ́n ṣètò fún ọmọ lọ́sẹ̀ má ju iye ọdún rẹ̀ lọ, kó sì ní ó kéré tán ọjọ́ kan ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù, ìyẹn ọdún tí a gé kù, wá kù, mi ò sì ní fi í bò. Lọ́dún 2009, nígbà tí ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní Nàìjíríà níbí, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ọrùn ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù wò. Ibi rírọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n ń wá: ṣé ó ti dì tán ni àbí kò tíì dì. Ẹni tó bá gé ọdún ọmọ rẹ̀ kù rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 12 gidi tó bá kọjú ọmọ ọdún 17 tí a pè ní 13 ló ń san gbèsè náà, eegun rẹ̀ ló fi ń san án.

Nígbà tí a fẹ́ túká, màmá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá síwájú. Ọmọ ọdún 12 ni, gìgísẹ̀ ń dùn ún, wọ́n sì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kó lọ gbá a?” Mo ní kí ọmọ náà bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nìkan fò lẹ́ẹ̀márùn-ún níwájú gbogbo wa. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó dì mọ́ apá ìyá rẹ̀. Màmá wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ti Sátidé yìí kọ́.”