Ohun Tí Ẹnu Ò Gbà, Tí Ọwọ́ Lè Gbé Jáde

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kí n tó sọ̀rọ̀ lọ rẹpẹtẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ mú ohun tẹ́ ẹ lè fi kọ̀wé. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo tó jọ bí ọkàn yín ṣe rí lónìí. Ẹ má ronú jù. Kò sẹ́ni tó máa fún yín ní máàkì.

Ṣé ẹ ti fà á? Ó dáa. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ ná.

Ìlà ẹlòmíì á rí gbágungbàgun, tẹlòmíì á tẹ́ lọ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ká ní mo bi yín pé báwo ni nǹkan ni, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kàn sọ pé "A dúpẹ́." Ìlà yẹn ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wa òní dá lé: ìtọ́jú ọkàn nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà, èyí táwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní art therapy.

Ayàwòrán kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adrian Hill, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1942. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbé e dé ilé ìwòsàn ní 1938. Oògùn tó ń ṣẹ́gun àrùn náà kò tíì sí nígbà yẹn. Ìsinmi ni wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọkàn ẹni tó ń wo àjà láti àárọ̀ dalẹ́ á ṣe rí. Hill bá bẹ̀rẹ̀ sí ya ohun tó wà nítòsí ibùsùn rẹ̀, ó sì rí i pé ó ń gbé òun ró. Nígbà tó yá, ó ń kọ́ àwọn aláìsàn yòókù, títí kan àwọn ṣọ́jà tó ti ojú ogun dé. Kì í ṣe òdòdó àti igi nìkan ni wọ́n yà. Ohun tójú wọn rí lójú ogun ń jáde sórí bébà.

Kí ló dé tí ọwọ́ fi lè gbé ohun tẹ́nu ò lè sọ jáde? Ohun tó bá bani lẹ́rù gidi kì í sábà dúró sí ọpọlọ bí ìtàn tó níbẹ̀rẹ̀ tó sì lópin. Ó máa ń dúró bí àwòrán, bí òórùn, bí ìró, bí àyà tó ń já. Ní 1996, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí ìrántí burúkú ń dà láàmú, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Iṣẹ́ dínkù ní apá tó ń bá wa to ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹ ò rí i pé nígbà táwọn àgbà bá ní ọ̀rọ̀ kan ò ṣeé fẹnu sọ, wọn ò sọ àsọdùn rárá.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwòrán máa ń gbé ìbànújẹ́ kúrò nínú wa, á gbé e síwájú wa. Tó bá ṣì wà nínú, àwa àtòun la jọ ń gbénú ara kan, a ò sì lè rí i wò. Tó bá ti di àwòrán, òun wà lórí tábìlì, àwa wà lórí àga. A lè sún un sẹ́yìn, a lè dojú ẹ̀ kọ ògiri, a lè fi àwọ̀ míì kún un.

Ká sọ pé obìnrin kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ya ilé kan tí kò nílẹ̀kùn. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kò ní sọ pé, "Hẹ́n, mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín." Á béèrè ni: "Mà, ta ló ń gbé inú ilé yìí? Ibo lèèyàn ń gbà wọlé?" Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tó ya fèrèsé kan sí i. Kò sẹ́ni tó rán an.

Ohun èlò náà ní ìwà tiẹ̀. Amọ̀ ṣeé gbá, ó ṣeé tẹ̀, ó ṣeé fọ́ kéèyàn sì tún un mọ, ìyẹn ló fi bá ẹni tínú ń bí mu. Pẹ́ńsù máa ń gbọ́ràn sọ́wọ́ lẹ́nu, ó dáa fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé nǹkan á bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀dà olómi ń ṣàn lọ síbi tó bá wù ú ni. Wọn kì í sáré gbé e fún ẹni tọ́kàn rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Èmi ò mọ àwòrán yà o." Ní 2016, àwọn oníwádìí ní Drexel University ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà 39 fi ìṣẹ́jú 45 ṣiṣẹ́ ọnà tó bá wù wọ́n. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn, láti mọ ìwọ̀n cortisol, èròjà tó máa ń pọ̀ lára nígbà tọ́kàn bá ń gbóná. Ó dínkù lára nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ẹni tó ti ń yàwòrán tipẹ́ kò fi èyí ju ẹni tí kò yà á rí lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo-ǹ-ṣe, ẹni tó bá sì ń tà á bẹ́ẹ̀ ń tanni jẹ ni. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012 yẹ èèyàn 417 tó ní schizophrenia wò, ìyẹn àrùn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ tàbí máa rí ohun tí kò sí. Ìtọ́jú oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ́ kò mú kí ara àwọn tí wọ́n ní kó gbà á dá ju tàwọn yòókù tí wọn ò fún lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní kó wá ò tiẹ̀ wá déédéé. Nítorí náà, ẹni tí dókítà fún lóògùn kò gbọdọ̀ torí ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dáwọ́ lílò ó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkun ìwé àwòrán nílé, tó dáa fún ìfọ̀kànbalẹ̀, yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí. Ní Bìrìtéènì, òfin ò gbà kẹ́ni tí kò forúkọ sílẹ̀ pe ara rẹ̀ ní art therapist.

Àwòrán tí wọ́n bá yà níbẹ̀, ti ẹni tó yà á ni. Olùtọ́jú máa ń bá a tọ́jú rẹ̀ síbi táwọn ẹlòmíì ò ti lè rí i. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á jọ kó gbogbo wọn jáde, wọ́n á wò wọ́n láti orí àkọ́kọ́. Àwọn kan á gbé tiwọn lọ sílé. Àwọn kan á fi sílẹ̀.

Ẹ wá ṣí ìlà yín wàyí. Tó bá wù yín, ẹ fi nǹkan kún un. Tó bá sì wù yín, ẹ fà á ya.