Àáró Àwọn Òbí: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Pa Pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí àwọn tó ń bi mí nípa rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé a ń ṣe kọ́ là ń ṣe. Wọn á ní, "Àǹtí, a gbọ́ pé ẹ ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Thamesmead. Èló lẹ ń gbà lórí ọmọ kan?" A kò dá ilé-ìwé sílẹ̀, a kò sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdílé Yorùbá díẹ̀ ni wá, tí kálukú pinnu láti máa kọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí a sì ń bá ara wa ṣe é ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn ará wa jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ló pọn dandan, ilé-ìwé kò pọn dandan. Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ ọdún 1944 ti sọ bẹ́ẹ̀, ti ọdún 1996 sì tún un sọ ní abala 7, pé òbí ni kí ó rí i dájú pé ọmọ òun gba ẹ̀kọ́ tó péye, tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ àti agbára rẹ̀ mu, yálà ní ilé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn. Lẹ́tà kan sí ọ̀gá ilé-ìwé ti tó láti yọ orúkọ ọmọ kúrò, àfi bí ó bá jẹ́ pé ilé-ìwé àkànṣe, ti àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, ni káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) ṣètò fún un. Ní Scotland ẹ̀wẹ̀, ẹ ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù kí ẹ tó mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ní Jámánì, ẹ má tilẹ̀ dán an wò rárá. Bí káńsù bá kọ̀wé láti béèrè ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ, ẹ fún wọn lésì. Ẹni tó bá dákẹ́ ló ń fún wọn láyè láti máa fura.

Ibi tí òfin ti le gan-an ni àwọn ará wa kì í wò. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀kọ́ gbogbo ọjọ́, ilé-ìwé aládàáni nibẹ̀ lójú òfin, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ní EHCP, ìyẹn ìwé ètò tí káńsù ń ṣe fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, tàbí ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó káńsù, ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di ilé-ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀ràn ni láti máa ṣe é láìforúkọ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ẹ̀kọ́ sì ti sọ pé ohun tó bá ti ju wákàtí 18 lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní ojú ọjọ́, àwọn yóò sábà kà á sí ẹ̀kọ́ gbogbo ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Wákàtí mẹ́jọ péré ni. Gbogbo èyí tó kù, orí tábìlì ilé kálukú ló wà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka òfin yìí, inú bí mi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó bá ohun tí mo ti ní lọ́kàn mu, torí àáró ni mo ní lọ́kàn. Bí o bá bá mi kọ ebè lónìí, èmi náà yóò gbé ọkọ́ wá sí oko rẹ lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́, oko yóò sì máa jẹ́ ti olóko síbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ dípò ọkọ́ ti gba lébìrà nìyẹn, kò bá wa ṣe àáró.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ìyá kan láàárín wa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ojú oorun ló sì máa ń gbé wá sí ìpàdé. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé kí a jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun máa san owó dípò ìgbà tí ó bá kan òun láti kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn kan ní kí a gbà á, pé owó náà yóò wúlò fún gbọ̀ngàn. Mo kọ̀, ẹlòmíràn sì sọ fún mi pé mo ti le jù. Bóyá mo le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí yóò ṣe rí: bí ẹnì kan bá san owó lónìí, ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ yóò san tirẹ̀ lọ́la, títí yóò fi ku obìnrin méjì tí gbogbo ilé ń já ọmọ sílẹ̀ fún, àwọn tó ń sanwó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èrè owó wọn. Ilé-ìwé ti dé nìyẹn, láìsí ìwé àṣẹ àti láìsí olùkọ́. Àbọ̀ tí a wá fún ìyá náà ni pé kí ó má kọ́ kíláàsì mọ́. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí kò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ àná, kí ó wá jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, kí ó máa pa àlọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ náà kì í fẹ́ kí ó lọ sílé mọ́ báyìí.

Owó kan ṣoṣo tí a ń dá ni ti gbọ̀ngàn àti ti adójútòfò. Ilé ìjọ kan ti kọ́kọ́ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà láàárín wa, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àlejò nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni a ń háyà báyìí, ìdílé kálukú sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn tirẹ̀ nílé. Ní ti ìwé DBS, tó ń fi hàn bóyá àgbàlagbà kan ní àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, àwọn kan ní, "A ti mọ ara wa tipẹ́, kí ni ti ọlọ́pàá?" A gbà á síbẹ̀, a sì fòfin dè é pé àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ.

Sáyẹ́ǹsì ni iṣẹ́ tèmi. Ní ọjọ́ kan, mo rẹ ìsápá pupa tí a fi ń ṣe zobo sínú omi gbígbóná, mi ò fi ṣúgà sí i, mo sì pín in sínú ife tí a lè rí inú rẹ̀. Ọmọ kan fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tirẹ̀, ó pọ́n sí i. Èkejì bu báìkábónéètì sínú tirẹ̀, ó hó yààà, àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ó sì yí sí àwọ̀ aró tó fẹ́ jọ ewé. Ó pariwo pé, "Àǹtí, ó ti bàjẹ́!" Mo ní kí ó máa kán ọsàn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún hó, ó sì pọ́n padà. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Oǹdó, tó ń gé búrẹ́dì lẹ́yìn wa, ló dá sí i pé omi eérú èèpo kòkó tí ìyá òun máa ń sẹ́ láti fi se ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bu eérú igi wá láti ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé. A sẹ́ ẹ, a kán an sínú ìsápá, ó sì yí àwọ̀ bíi ti báìkábónéètì gẹ́lẹ́. Obìnrin yìí ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan nínú sáyẹ́ǹsì. Nítorí irú nǹkan báyìí ni mi ò ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó ra ara rẹ̀ kúrò.

Ìdánwò ni ẹgbẹ́ kò lè bá ẹnikẹ́ni gbé. Yorùbá kò sí lára èdè tí wọ́n ń ṣe ní GCSE, ìyẹn ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún nílẹ̀ yìí, nítorí náà, èyí tí a ń kọ́ wọn, tiwa ni. Fún àwọn iṣẹ́ yòókù, IGCSE, irú ìdánwò náà ti ilẹ̀ òkèèrè, ló rọrùn jù fún ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé, torí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ àṣekún tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, a sì lè fi ìbéèrè orí ìwé dípò ti yàrá àyẹ̀wò. Òbí ló ń san owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì máa wá ibi tí ọmọ yóò ti jókòó ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ibùdó ìdánwò ló ń gba ọmọ tí kì í ṣe ti ilé-ìwé wọn, nítorí náà, ẹ tètè máa pè wọ́n kí ọdún tó yí. Ẹ tún máa wádìí ibi tí òfin dé báyìí, torí àbá òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ní kí gbogbo káńsù ní ìwé orúkọ àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ará Dagenham tí ẹ ní kí a gbà yín mọ́ra, a kò ní lè gbà yín, torí ọ̀nà jìn, gbọ̀ngàn wa sì ti kún. Ìdílé mẹ́ta ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó wá gbọ̀ngàn rárá, ẹ jókòó, kí kálukú sọ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ àti ohun tí ó lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti ní rótà (ìwé ẹni tó kàn àti ọjọ́ rẹ̀) lọ́wọ́, ẹ pè mí, mo ń bọ̀ wá bá yín jókòó ní ọjọ́ àkọ́kọ́.