Huda Zoghbi àti ìbéèrè tí àwọn ìyá ń bi mí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi láti ilé. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí. Obìnrin kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀: Dókítà Huda Zoghbi ti Baylor College of Medicine, ní Houston níbí. Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ni mí, iṣẹ́ tó ṣe sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Beirut, ní Lẹ́bánónì, ni wọ́n ti bí i. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́wọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1975. Ó wá sí Amẹ́ríkà pé kí ogun rọlẹ̀ kí òun padà. Ogun ò rọlẹ̀. Meharry ní Nashville, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú, ló gbà á wọlé, ibẹ̀ ló sì ti gboyè dókítà. Ẹ̀yin tí ètò yín ti dàrú mọ́ yín lọ́wọ́ nílùú onílùú rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ní 1983, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lórí àrùn ọpọlọ ọmọdé, ó rí ọmọbìnrin kan tó ní àrùn Rett. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àrùn yìí. Wọ́n á bí ọmọ, ara rẹ̀ á le, á máa rẹ́rìn-ín, á ti máa pe màmá. Lẹ́yìn bí oṣù 6 sí 18, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń mú ṣíbí kò ní í mú un mọ́. Á wá máa fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn ṣáá, bí ẹni tó ń fọṣọ. Nǹkan bí ọmọbìnrin 1 nínú 10,000 ló ń ní in. Ọwọ́ yẹn gan-an ni Dókítà Andreas Rett rí ní Vienna ní 1954: ọmọbìnrin méjì jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ lọ́nà kan náà. Èdè Jámánì ló fi kọ ọ́ jáde ní 1966, kò sì jìnnà. Ọdún 1983 yẹn kan náà ni Bengt Hagberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí etí ayé fi gbọ́.

Zoghbi ní jíìnì ló fà á, ìyẹn ìlànà inú ara tí òbí máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ò gbà, torí pé ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní in nínú ìdílé. Ó fi àáké kọ́rí. Ìdílé díẹ̀ tó ní ju ọmọ kan lọ ni òun àti àwọn yòókù tọpa rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ kúrómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín tí jíìnì wà lórí wọn, wò díẹ̀díẹ̀, títí di 1999 tí wọ́n rí jíìnì náà, MECP2. Ọdún 16 gbáko! Mi ò mọ iye wa tó máa lè fara dà á.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ rèé. Lóru, tí àwọn dókítà bá ti lọ, ìyá ọmọ á fà mí lápá: "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo jẹ? Kí ni mo ṣe?" Ní Amẹ́ríkà yìí, ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń sọ pé ìyá tí kò lójú àánú ló ń fa ọ̀tísíìmù, ìyẹn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń mú kó ṣòro fún ọmọ láti bá èèyàn ṣe. Àwa náà, ta ló ṣe é la máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Àwárí 1999 yẹn jẹ́ kí n rí èsì fún àwọn ìyá Rett. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àyípadà tuntun nínú jíìnì náà ni, kò sí lára ìyá, kò sí lára bàbá. Inú àtọ̀ ló ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ pé bàbá ṣe ohunkóhun. Mo ti rí ìyá tó sunkún nígbà tó gbọ́ ọ, tó ní kí n tún un sọ kí ìyá ọkọ òun náà gbọ́ ọ.

Ní 2007, Adrian Bird àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Edinburgh dá jíìnì náà padà sára àwọn èkúté tó ti ní àìsàn bíi Rett, ara wọn sì yá, kódà àwọn tó ti dàgbà. Àṣé àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yẹn ò kú! Ṣùgbọ́n Zoghbi náà ló fi hàn pé bí MECP2 bá pọ̀ jù, ó ń fa àìsàn tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kàn dà sínú ọpọlọ ọmọ. Ní 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún Rett, trofinetide. Kò wo àrùn náà sàn, ó ń dín ìnira rẹ̀ kù ni.

Tí ọ̀rọ̀ bá ń parẹ́ lẹ́nu ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé á tún padà tó bá yá. Ẹ fi fóònù ya fídíò ọwọ́ rẹ̀, ẹ wá èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, kí ẹ fi méjèèjì han dókítà. Ẹ bi í bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ MECP2 wò. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà.