Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Fọ́, Ṣé Ọwọ́ Yín Mọ Ọ̀nà?

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, kí gbogbo wa di ojú. Kí kálukú na ọwọ́ síbi tí súìṣì pọ́ǹpù epo wà nínú ọkọ̀ tó fi ń sáré. Ẹ má tíì lajú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ yà sósì kó tó padà sọ́tùn-ún, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Eré dírágì la fẹ́ sọ, ti àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ọkọ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná aláwọ̀ ewé tàn, wọ́n sáré 1,320 ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀nà tó gún gbọọrọ, tàbí ìdajì rẹ̀, 660. Ẹ́ńjìnnì á fọ́ lọ́jọ́ kan. Ìfọ́ yẹn nìkan kì í sábà pa awakọ̀. Ọ́ìlì tó dà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn, iná tó gba abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì wọlé, àti ọwọ́ tó ń wá nǹkan kiri nínú èéfín, àwọn ni ká bẹ̀rù.

Ẹgbẹ́ NHRA tó ń ṣètò eré dírágì, tí Wally Parks dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1951, ní òfin tó mọ́gbọ́n dání. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹni tó bá sáré ìdá mẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé àṣíborí. Tó bá dé 11.49, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá irin tó ń gba orí là bí ọkọ̀ bá dojú dé. Tó bá dé 9.99, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ awakọ̀ ìdíje, wọn ò sì ní fún un níwèé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n di ojú rẹ̀, kó fọwọ́ kan gbogbo súìṣì àti ọ̀pá inú ọkọ̀ láìṣì í mú. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi. Ẹni tó ń sá ìṣẹ́jú àáyá 12 ò ní ìwé àṣẹ láti gbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó di ojú ẹ̀ rí. Epo tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ń jó bíi ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tó fi ń fọ́, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó fura. Ẹ mú ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350: kíráńkì rẹ̀, irin tó ń yí nísàlẹ̀, ń gbé písítìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò lókè, rìn ní 3.48 íǹṣì, kọ́nírọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀pá tó so méjèèjì pọ̀, gùn tó 5.7. Bó bá ń yí ní ìgbà 7,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí písítìnnì bá dé òkè pátápátá tó fẹ́ yí padà, agbára tó ń fà á lé ní ìlọ́po 3,000 ìwọ̀n ara rẹ̀. Písítìnnì pẹ̀lú pínnì àti ríìnì tó wọn 700 gíráàmù ti di ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Bóòtù méjì péré ló dì í mú mọ́ kíráńkì. Ẹ dá ìyípo náà sí 3,500, ẹrù náà á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ṣi gíà wọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó fò dé 8,000, ó ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó ń sọ pé agbára ló ń fọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ foríjì mí, ìyípo ni. Agbára iná tó ń jó lókè ń ti písítìnnì sísàlẹ̀, kò fa bóòtù. Ìgbà tí kò sí iná lókè rẹ̀, nígbà tí èéfín ń jáde, ni bóòtù ń dá jìyà. Ẹ wá wo owó tí wọ́n ń ná sórí kábúrétọ̀ tí bóòtù àtijọ́ sì ń bẹ nísàlẹ̀! Ẹ wọn gígùn bóòtù kẹ́ ẹ tó dì í, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tú u lẹ́yìn ìgbà náà, tó fi 0.001 íǹṣì gùn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ jù ú nù. Ó ti nà, kò sì ní padà mọ́.

Ọ́ìlì náà ní tiẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣí kúrò, ọ́ìlì inú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a ya sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lẹ́yìn ìlà òpin eré, a ya síwájú, ẹnu ọ̀pá tó ń fa ọ́ìlì nílẹ̀ sọ́ǹpù sì lè máa fa afẹ́fẹ́. Àlàfo tó wà láàárín bẹ́rìn àti kíráńkì ò ju nǹkan bí 0.0025 íǹṣì lọ, ọ́ìlì ló ń gbé irin kúrò lára irin níbẹ̀. Bó bá gbẹ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fọ́ lẹ́yìn ìlà, nígbà tí awakọ̀ ti ń wo àkókò tó fi sáré. Ẹ wo géèjì ọ́ìlì ná. Nǹkan bí 10 psi, ìwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan ni ká retí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo nítírọ́ọ̀sì, gáàsì tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ẹ fi súìṣì sí ọ̀pá epo tí yóò pa nítírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bí epo bá dín kù. Nítírọ́ọ̀sì láìsí epo tó tó máa ń yọ́ písítìnnì.

Mo fẹ́ bọ́ sórí aṣọ, ṣùgbọ́n arákùnrin kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún nawọ́ sókè: "Ọ̀gá, bó bá fọ́ tí mo ṣì wà lórí eré, gíà ni kí n kọ́kọ́ yọ ni, àbí kí n pa iná ẹ́ńjìnnì?"

Ẹ ṣeun. Ìbéèrè yìí dára ju ohun tí mo kọ wá lọ, ẹ jẹ́ kí n pa ìwé dé.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò ná. Bẹ́ ẹ bá yọ gíà nígbà tẹ́ ẹ ṣì tẹná mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò rẹ́rù gbé yóò yí títí yóò fi tú ká. Lẹ́yìn náà, bó bá jẹ́ ọkọ̀ oní-kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó há yóò há táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ọ̀tọmátíìkì, ẹ gbé e sí nọ́tírà. Ẹ pa pọ́ǹpù epo àti iná ẹ́ńjìnnì, nítorí pọ́ǹpù oníná lè máa tú epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tó ti ń ti sitiarìn pa.

Ẹ di sitiarìn mú ṣinṣin, ẹ má fà á kíákíá: ọ́ìlì lè ti wà lábẹ́ táyà. Ẹ rọra sún mọ́ ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ má ṣe kọjá sí ojú ọ̀nà ẹnìkejì. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dì í mú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ìrànlọ́wọ́ tó kù fún bíréèkì ò lè tó ju ìtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ dúró níbi tó bá súnmọ́ jù. Ẹ má wa ọ́ìlì yẹn dé òpin ọ̀nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò yọ̀ lórí rẹ̀. Bí iná bá ń jó, ẹ má ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn lẹ ń fún iná yẹn.

Súìṣì ńlá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ pápá máa ń tì, ẹ dán an wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, ó jẹ́ pé wáyà atọ́nàtọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, wà lápá ibi tí kò yẹ, atọ́nàtọ̀ ló sì ń bọ́ ọ. Ẹ gbé wáyà náà sápá bátìrì.

Wọ́n ti ń fi àkókò hàn mí. Aṣọ: SFI ni àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n ohun èlò ààbò kalẹ̀; ẹ̀wù SFI 3.2A/1 ń fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nínú iná kó tó jó ara yín dé ìpele kejì, 3.2A/5 ń fún yín ní mẹ́wàá, 3.2A/15 ní 30. Náílọ́ọ̀nù ń yọ́ mọ́ awọ. Àṣíborí tó ní àmì Snell SA, ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti ọlọ́kadà, wọn ò fi iná dán an wò. Ẹ dí gbogbo ihò ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ yín. Ẹ fi òrùka irin dì dáráífú-ṣáfútù, ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, láàárín íǹṣì 6 sí oríkèé iwájú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára bẹ́líìtì.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, torí arọ ti ka ìṣísẹ̀ tirẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin náà, ẹ ka àáyá tẹ́ ẹ fi ń jáde. Ọkọ̀ kan wà níta. Ẹni tó bá wù, kó wọnú rẹ̀, kó di bẹ́líìtì, ká di ojú rẹ̀, ká sì wò ó bóyá yóò pa iná, tú bẹ́líìtì, ṣílẹ̀kùn, kó sì jáde kí mẹ́wàá tó pé.