Nígbà wo ni nọ́ńbà tó di ojútùú?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó ń múra WAEC àti NECO sílẹ̀ sọ ní Kubwa, Àbújá, nìyí. Mo ti gé àwàdà inú rẹ̀ kù díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ra mudu ẹ̀wà mẹ́rin, ó san ₦800 fún kẹ̀kẹ́ tó gbé e délé, gbogbo owó tó ná wá jẹ́ ₦10,000. Èló ni mudu kan? Kò sí ìyá níbí tó máa béèrè bíírò. Ẹ yọ owó kẹ̀kẹ́, ó ku ₦9,200. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ₦2,300 nìyẹn. Ohun kan náà ni ọmọ yín ń kọ sínú ìwé pé 4x + 800 = 10,000, tí x dúró fún owó mudu kan. Ìdọ́gba ni. Irú èyí, tí kò sí x tí a fi x sọ di púpọ̀ nínú rẹ̀, ni àwọn tíṣà ń pè ní linear equation.

Mo pe ọmọkùnrin SS2 kan síwájú kó wá ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ yá dáadáa. Ó kọ 4x = 9,200, ó kọ x = 2,300, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó dé bíírò. Mo ní, “Ṣé ó tọ̀nà?” Kò wo ojú pátákó rárá. Ojú mi ló ń wò.

Ohun tí mo torí rẹ̀ wá nìyẹn. Ojútùú ìdọ́gba ni nọ́ńbà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá fi rọ́pò x, apá òsì àti apá ọ̀tún á di iye kan náà. Ó tán. Kò kan ojú tíṣà, kò kan ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé. 2,300 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 9,200. Ẹ fi 800 lé e, 10,000 ló pé yẹn. Ọmọ náà ì bá ti dá ara rẹ̀ láre kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó ń ba èyí jẹ́, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ nílé ìwé: “Tó bá ti sọdá, àmì rẹ̀ á yí padà.” Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. 800 kò sọdá síbì kankan. Ohun méjì tó dọ́gba la mú, a yọ 800 lára ọ̀kan, a yọ 800 lára èkejì, wọ́n ṣì dọ́gba. Ọmọ tó bá gbà pé nọ́ńbà ń sọdá á mú 4 náà sọdá, á yí i padà, á kọ x = 9,200 − 4. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti rí i! Tó bá dá 9,196 yẹn padà sínú ìdọ́gba, owó ọjà á di ₦37,584, òun fúnra rẹ̀ á sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

(Àmì ìdọ́gba fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àtayébáyé. Robert Recorde, ará Wales, ló gbé e jáde nínú ìwé ní 1557. Ó fa ìlà méjì tó gùn bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ẹ wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń dá kóló. Ẹ̀gbọ́n ti ní ₦5,000, ó ń sọ ₦1,000 sí i lójúmọ́. Àbúrò ní ₦2,000, òun ń sọ ₦1,500. Ọjọ́ wo ni owó wọn máa dọ́gba? Ẹ jẹ́ kí d dúró fún iye ọjọ́: 1,500d + 2,000 = 1,000d + 5,000. Ní ọjọ́ kẹfà ni. Kálukú á ní ₦11,000.

Ká wá ní àbúrò náà ń sọ ₦1,000. Ẹ yọ 1,000d ní apá méjèèjì, ó ku 2,000 = 5,000. Ibí ni ọmọ ti máa ń mú rọ́bà, tí á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, torí ó rò pé òun ti ṣì í. Kò ṣì í. Kò sí ọjọ́ náà. Kó kọ ọ́ pé ìdọ́gba yìí kò ní ojútùú, ìdáhùn tó pé nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ₦5,000 ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, 5,000 = 5,000 ló máa kù, gbogbo ọjọ́ ló di ojútùú.

Àwọn kan á kọ d = 0 torí pé d ti pòórá. Rárá o. Òdo jẹ́ nọ́ńbà bí àwọn yòókù. 2d = d ní ojútùú kan ṣoṣo, òdo sì ni. Ẹni tó bá sáré fi d pín apá méjèèjì á bá 2 = 1 níbẹ̀, ojútùú á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo tún yí i: àbúrò fi ₦2,000 bẹ̀rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ₦800 ló ń sọ. d wá di −15. Ìyá kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà, ṣé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni?” Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹ fi −15 sí i: apá méjèèjì jẹ́ −10,000. Ojútùú ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kóló wo ló ń jẹ gbèsè? Ìdọ́gba gbà á, ìtàn kò gbà á. Bí ìdánwò bá ní kẹ́ ẹ wá d, −15 ni kẹ́ ẹ kọ. Bó bá béèrè ọjọ́ tí owó wọn máa dọ́gba, ẹ kọ ọ́ pé wọn kò ní dọ́gba.

Nígbà tó jẹ́ pé Àríwá la wà, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní ará Katsina, tó kú sí Cairo ní 1741. Ó kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá lórí àpótí nọ́ńbà, èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀, ní ìbú, ní òòró, ní ìgun sí ìgun, máa ń ròpọ̀ di iye kan náà. Ẹ mú 1 dé 9, ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má lo nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn jẹ́ 45, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 15. Ìlà mẹ́rin ló gba àárín kọjá. Bí ẹ bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ ti ka gbogbo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì tún ka ti àárín lẹ́ẹ̀mẹta sí i: 45 + 3x = 60. x = 5.

Ẹ rọra o. A kò tíì sọ pé àpótí náà wà. Ohun tí a sọ ni pé bó bá wà, 5 ló máa wà láàárín rẹ̀. Ká tò ó jáde ló kù:

2 7 6
9 5 1
4 3 8

Ẹ rò ó ní ìbú, ní òòró, ní ìgun sí ìgun. Ó wà.

Mo wá ní kí wọ́n ṣe ti méjì-méjì, láti 1 dé 4. Ìṣirò ní kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5, kò sì sí ohun tó dà bí àṣìṣe nínú rẹ̀. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tò, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n tún ń tò. Ọmọbìnrin JS3 kan ló nawọ́: “Sà, nọ́ńbà igun yìí pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5, òun náà pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ á wá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ẹ sì ní a ò gbọdọ̀ lo nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì.”