Bí mo ṣe ń rẹ òwú ẹtù láró kí ó tó dé orí òfì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin ahunṣọ ni mo ṣe ti òní fún, torí ẹ ò jẹ́ n sinmi: kí ló dé tí ẹtù mi, aṣọ òkè aláró yìí, fi ń dú mìnìjọ̀ báyẹn? Òṣogbo ni mo wà o, ìlú aró. Ìdí ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ kọ́kọ́ dán òwú yín wò. Ẹ já fọ́nrán kan, ẹ ṣáná sí i. Ọmọ mi, sún fóònù yẹn mọ́ra kí wọ́n rí i. Ẹ wò ó, ó jó bíi bébà, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kù. Òwú gidi nìyẹn. Èyí kejì rèé, tí wọ́n tà fún mi lọ́jà pé òwú ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń yọ́, tó ń di kóró dúdú lẹ́nu. Ọ̀rá ni! Ẹ rẹ ẹ́ di ọdún tó ń bọ̀, aró ò ní wọ̀ ọ́ lára.

Mo ti fi ọṣẹ dúdú se tèmi, mo ti ṣàn án. Ẹ mọ ìyẹn.

Dídì ìdì òwú ló ń bí mi nínú. Ẹ̀ ń dì í bí ẹni ń di igi ìdáná! Ibi tí okùn bá ti fún un pa, aró ò ní débẹ̀, funfun ló máa wà. Àkísà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ lò, ojú mẹ́rin, kí ìka yín méjì lè gba inú ìdè kọjá. Ìka méjì o.

Aró yìí ti pé ọjọ́ 7. Èlú, ewé aró, tí a gún, tí a ṣù, tí a sá gbẹ ló wà nínú omi eérú. Bí mo ṣe ń fi ajere, ìkòkò onihò, sẹ́ omi eérú, fídíò rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ wo ojú aró, ìfófòó búlúù tó ń dán bíi bàbà. Ẹ jẹ́ kí n yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ rí omi ìsàlẹ̀ yẹn? Ó rí bí omi ewédú tó ti ṣá. Tó bá jẹ́ búlúù lẹ bá níbẹ̀, kò tíì ṣe é lò, ẹ dé e padà.

Ẹ rẹ òwú sínú omi lásán kí ẹ tó kì í bọ aró. Gbígbẹ máa ń mu aró lábala-lábala. Ẹ fún un, ẹ rọra rì í, kó má hó rárá, torí afẹ́fẹ́ ń ba aró jẹ́ nínú ìkòkò. Mo ka 100 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fà á yọ. Ẹ wò ó báyìí. Bí ewé ló rí... etí rẹ̀ ti ń yí... ó ti dé àárín... búlúù! Mo ti ń wo èyí láti kékeré, inú mi ṣì ń dùn sí i.

Ẹnì kan béèrè bóyá òun lè fi í sùn inú aró kó dú lẹ́ẹ̀kan náà. Rárá o! Orí òwú lásán ni aró máa jókòó sí, yóò máa pa mọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìgbà 12 ni tèmi ń wọ aró, kó gba ọjọ́ mẹ́ta, ká máa sá a láàárín. Lẹ́yìn ìgbà kejì, mo máa ń yọ ìdì díẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọ̀ sánmà yẹn lẹ máa fi ṣe ìlà tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí ẹtù jọ ẹyẹ ẹtù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òwú tí ẹ máa ta sórí òfì, tó máa nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, òun ni ojú aṣọ. Èyí tí ọ̀kọ̀ ahunṣọ ń gbé kọjá láàárín rẹ̀, abẹ́ ló ń sá sí. Nítorí náà, gbogbo òwú títa aṣọ kan, inú ìkòkò kan náà ni, lọ́jọ́ kan náà, iye ìgbà kan náà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ahunṣọ kan kó ìlàjì wá fún mi ṣáájú Iléyá, ó kó ìlàjì wá lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbà á. Kò yẹ kí n gbà á. Nígbà tí wọ́n hun ún, ìlà kan là á já láti òkè délẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á, wọ́n sì dá agbádá padà. Láti ìgbà yẹn, bí òwú yín ò bá pé, ẹ máa gbé e lọ sílé.

Ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Ẹ fi sítáàṣì tó ṣàn dáadáa pa á lára, kó má máa já lórí òfì. Abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, kì í ṣe oòrùn.

Ọmọ mi, gbé ìdì yẹn wá, ìgbà kẹta rẹ̀ ti tó.